Bí Awọ Yóò Bá Kájú Èjìká

Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo aṣọ tí àwọn baba wa ń wọ̀, láti orí bùbá àti ṣòkòtò títí dé orí agbádá tí ń gbálẹ̀, yóò rí i pé ọgbọ́n kan wà nínú wọn tí a kì í sábà yìn, èyí tí í ṣe pé aṣọ wọ̀nyí kì í bá ara ẹni tí ó wọ̀ wọ́n ṣe awuyewuye. Ẹni tí ó sanra lọ́dún yìí tí ó sì rù lámọ́dún, agbádá kan náà ni yóò máa ká lé èjìká; ẹni tí ó sì jogún dàńdógó lọ́wọ́ baba tí ó ga jù ú lọ, kò ní í tìtorí gíga baba ta ogún nù, nítorí ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ yóò di ìṣẹ́po, ìṣẹ́po yóò sì di ẹ̀yẹ. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kò mọ irú àánú bẹ́ẹ̀. Awọ ti jẹ́ ẹ̀wù fún ẹran rí kí ó tó di ẹ̀wù fún ènìyàn, ara tí a gé e fún nìkan ni ó sì mọ̀. Bí ó bá bá ọ mu, gbogbo àdúgbò ni yóò bá ọ yọ̀, bí kò bá sì bá ọ mu, kò sí ìṣẹ́po tí yóò bò ọ́ láṣìírí.

Ẹni tí ó bá mọ Port Harcourt lè bi wá léèrè pé kí ni ó kan jákẹ́ẹ̀tì aláwọ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ìlú tí Gómìnà Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ àmúsìn ní London, sọ ní 1913 yìí, etí omi ni ó wà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mìlímítà 2,000 lọ, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di oṣù kọkànlá kí ó tó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru gbígbẹ irú ti òkè Ọya. Ooru tí ń bu omi sí ni lára ni, tí òógùn tí a là ní òwúrọ̀ kì í fi í gbẹ títí di ọjọ́rọ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde: ní ọrùn àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ sí òde alẹ́, ní ọrùn àwọn tí ń tẹ dùùrù àti àwọn tí ń ta gìtá ní ilé ìjọsìn, ní ọrùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Choba, àti ní ọrùn àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́ sọ di yìnyín láti òwúrọ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Trans Amadi. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tí físà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ọkàn wọn ti wà ní Manchester tàbí Toronto, tí ara wọn sì ṣì ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní ẹ̀bá títì. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yọ ooru sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ẹ̀wù yìí ni pé a kò gé e fún ẹni tí ó dúró. Ní 1928 ni Irving Schott ní New York rán jákẹ́ẹ̀tì aláwọ onísíìpù fún àwọn tí ń gun alùpùpù, tí ó sì sọ ọ́ ní Perfecto, orúkọ sìgá ńlá tí òun fúnra rẹ̀ ń mu. Ní 1931 àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà gba ti wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní A-2. Nígbà tí òṣèré Marlon Brando sì wọ irú Perfecto nínú fíìmù ní 1953, gbogbo ọ̀dọ́ ayé fẹ́ jọ ọ́. Ẹni tí ó bá jókòó lé alùpùpù, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì nà jáde. Nítorí náà ni a ṣe gé ẹ̀wù náà kúrú ní ìbàdí kí ó má baà ká jọ sí ikùn ẹni tí ó jókòó, tí a gé apá rẹ̀ gùn kí ọrùn ọwọ́ má baà yọ síta nígbà tí ọwọ́ bá nà, tí a sì fi àyè sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó wọ̀ ọ́ dúró níwájú dígí ní Mile 3 ní Port Harcourt yóò rí apá tí ó gùn jù àti ẹ̀yìn tí ó wú, yóò sì ní jákẹ́ẹ̀tì náà kò dára, láìmọ̀ pé ìjókòó ni ó kù tí kò jókòó.

Bí àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí ṣe ń dé ọwọ́ wa kò ṣòro láti mọ̀. Ìlú Okrika, tí àwọn ará Wakirike tẹ̀dó sáàárín omi, kò jìnnà sí Port Harcourt rárá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sọ pé bélì aṣọ àlòkù àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ kí ó tó tàn ká ilẹ̀ Ìgbò àti ilẹ̀ wa, tí ó fi di pé orúkọ ìlú ọlọ́ba, ìlú ọlọ́dún Iria, ìlú àwọn atukọ̀ tí kì í bẹ̀rù ìjì, wá di orúkọ ẹ̀wù tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ṣáájú ẹni. Ẹjọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọjà kì í gbọ́ ẹjọ́. Àwa tí a ti ń pè é ní bọ́síkọ́nà tẹ́lẹ̀ náà ti fi òkìrìkà rọ́pò rẹ̀ láti ọjà Katangua ní Èkó dé ibi tí ẹsẹ̀ bá dé. Òfin Nàìjíríà kò fọwọ́ sí kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú, ó sì ti pẹ́ tí òfin náà ti wà. Ṣùgbọ́n bélì ń gba ọ̀nà Kutọnu wọlé, ẹni tí ó bá sì dé ọjà Oil Mill ní Òpópónà Aba ní Ọjọ́rú, tí ó rí òkìtì aṣọ àti àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ṣà á, kò ní í rí ibi tí òfin náà jókòó sí.

Nínú bélì kan náà ni jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán ní Ítálì, ní Túkì, ní Pakísítàn àti ní Ṣáínà ti ń fara ro ara wọn. Nọ́ńbà 50 tí ó wà lára ti Ítálì, òun náà ni 40 ti Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba, iye íńṣì tí àyà ẹni tí a gé e fún jẹ́ sì ni 40 yẹn. Lẹ́tà M kò tilẹ̀ ní ìlànà. Ohun tí ó bá wu aránṣọ ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Àti pé bí nọ́ńbà náà bá tilẹ̀ pé, àyà nìkan ni ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa èjìká tàbí gígùn apá, ènìyàn méjì tí àyà wọn sì dọ́gba lè má ní èjìká kan náà láé. Ó tún wá kù síbì kan: ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ẹ̀wù náà ti wọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀, ìgúnpá tirẹ̀ ti wọ inú awọ, ibi tí òun ń gbé fóònù àti kọ́kọ́rọ́ sí ti fà, bí èjìká rẹ̀ ṣe tẹ̀ sì wà níbẹ̀. Awọ a máa rántí. Ẹni tí ó ra òkìrìkà aláwọ, ẹ̀wù àti ara ẹlòmíràn ni ó rà pọ̀.

Àwọn òbí wa kò ṣàì mọ awọ o. Àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ fi í ṣe làbà fún àwọn oníṣàngó, wọ́n fi í ṣe tìmùtìmù tí ọba ń gbé ẹsẹ̀ lé, wọ́n fi í ṣe sálúbàtà, wọ́n fi í bo gàárì ẹṣin; onílù ní tirẹ̀ a sì fi awọ bo igi títí tí igi yóò fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ohun tí kì í mí ni a ń fi awọ bò. Nígbà tí a bá ní awọ kò kájú ìlù, a mọ ohun tí a ń sọ: ojú ìlù ní ìwọ̀n, ìwọ̀n náà kì í yí padà, awọ tí kò bá tó, kò tó náà nìyẹn. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹun yó, ó ń wú nígbà tí ooru bá mú. Awọ tí ó kájú rẹ̀ ní ìdúró lè máà kájú rẹ̀ ní ìjókòó.

Awọ kì í sì í ṣe ohun tí a hun. Òwú aṣọ òkè gùn lọ gbọọrọ, òwú àǹkárá náà bẹ́ẹ̀, télọ̀ tí ó bá sì mọ ìhà tí òwú gbà ti mọ ìwà aṣọ náà tán. Ṣùgbọ́n awọ ti bá ohun abẹ̀mí gbé: níbi ọ̀pá ẹ̀yìn ẹran, ó nípọn, kì í sì í fà, níbi ikùn àti abẹ́ itan, ó rọ̀, ó sì ń fà gan-an. Awọ ewúrẹ́ kan kò tó àgbà ọkùnrin, mẹ́fà tàbí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a óò fi rán jákẹ́ẹ̀tì kan, ewúrẹ́ méje sì ni ìwà méje. Bí agéṣọ bá gé apá ọ̀tún láti ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ó sì ń ṣọ́ awọ ná, tí ó wá gé apá òsì láti ibi ikùn, ẹ̀wù náà yóò dára ní ọjọ́ tí a rà á. Kí oṣù díẹ̀ ó tó kọjá, apá òsì yóò ti gùn ju ọ̀tún lọ, ẹni tí ó ni í yóò sì máa rò pé èjìká òun ni ó wọ́. Àwọn tí ó mọṣẹ́ a máa fi ibi tí ó le sí ẹ̀yìn àti èjìká, wọn a fi ibi tí ó rọ̀ sí abẹ́ abíyá àti sí ibi tí ojú kì í sábà dé, wọn a sì gé ọ̀tún àti òsì kí wọ́n kọjú sí ara wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn pé, pẹ̀lú gbogbo màlúù àti ewúrẹ́ tí a ń pa ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkìtì ẹ̀wù ẹlòmíràn. Awọ wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń sọ awọ tútù di awọ rírọ̀ wà ní Kano, ewúrẹ́ pupa ti Sokoto sì ti lókìkí láti ìgbà tí àwọn ràkúnmí ti ń gbé awọ rẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Èyí tí ó dára jù lọ nínú rẹ̀ títí di òní, Ítálì àti Sípéènì ni ó ń lọ. Ti màlúù ńkọ́? A jẹ ẹ́. Pọ̀nmọ́ ni. Ní 2022 ni àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria sọ pé ó yẹ kí òfin wà tí yóò de jíjẹ pọ̀nmọ́, kí àwọn tí ń fi awọ ṣiṣẹ́ lè rí awọ lò; ariwo tí ó sọ kárí ìlú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kò kéré, òfin náà kò sì tíì dé orí ìkòkò ẹnikẹ́ni. Èmi kò rò pé yóò dé bẹ̀. Ẹni tí ó bá gba pọ̀nmọ́ kúrò nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kí ó lè fi rán jákẹ́ẹ̀tì, kí ó múra láti wọ jákẹ́ẹ̀tì náà sá eré.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro gan-an wà. Aṣọ a máa pa ojú abẹ́rẹ́ dé. Awọ kì í pa á dé. Bí télọ̀ bá rán bùbá tí ó fún jù, yóò tú u, yóò gbà díẹ̀ lára èyí tí ó ti ṣẹ́ sínú, yóò lọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mọ̀. Bí ó bá tú ojú ìrán awọ, àwọn ihò náà yóò tò lọ síbẹ̀ bí etí sítáǹbù, wọn kò sì ní í lọ mọ́. Nítorí èyí, jákẹ́ẹ̀tì tí ó fún kò ṣeé fẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ohun tí a ó fi fẹ̀ ẹ́, nítorí awọ kì í tú létí bí aṣọ, àwọn tí ó rán an kò sì rí ìdí tí wọn óò fi ṣẹ́ púpọ̀ sínú. Èyí tí ó tóbi ni ó ṣì ní ìrètí, ìrètí náà sì ní ààlà. A kò lè fi píìnì mú un, nítorí píìnì náà ihò ni. A kò lè gé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé a pààrọ̀ síìpù iwájú. A kò lè fún un wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kọjá ibi tí àpò bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àǹkárá kò lè gún un dáadáa, ti awọ ní ẹnu ṣóńṣó tí ń gé bí ó ti ń wọlé. Òwú rẹ̀ kì í ṣe òwú lásán, òwú ọ̀rá ni. Bí ìrán bá sì kéré jù, tí ihò sún mọ́ ihò, awọ yóò ya láti ibi ìrán náà bí ẹni ya ìwé.

Ìdí nìyí tí àwọn Obioma, àwọn télọ̀ arìnrìn-àjò tí ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká kiri láti Borokiri dé Rumuokoro, tí ń fi àlùmọ́gàjí lu ara ẹ̀rọ kí a lè mọ̀ pé wọ́n ń kọjá, fi máa ń kọ iṣẹ́ aláwọ. Ẹni tí ó bá gbà á nínú wọn, kí á bẹ̀rù rẹ̀. Ìlérí wọn pọ̀ lórí ṣòkòtò jíǹsì, wọ́n sì ń mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré yẹn kò lágbára láti fa awọ ìlọ́po mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ìrán yóò sì ká jọ síbì kan.

Ní Diobu, láàárín Mile 1 àti Mile 3, mo dúró ti ọkùnrin kan tí kì í ṣe télọ̀, báàgì àti bẹ́líìtì ni ó ń rán, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà débi pé Píjìn a máa ṣáájú Yorùbá dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé jákẹ́ẹ̀tì dúdú wá, apá rẹ̀ gùn. Ó fi ìka sí ọrùn ọwọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e níbí.” Bàbá náà kò dáhùn, ó fa síìpù kékeré tí ó wà létí apá náà sókè, ó fà á wálẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá gé e níbí, kí ni ká wá ṣe síìpù yìí? Ṣé ká gé òun náà ni?” Ó ní òkè ni òun yóò ti gé e. Ó yí ẹ̀wù náà síta, ó tú láínín ibi apá kan tó ìbú ọwọ́, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ tú ìrán tí ó so apá mọ́ èjìká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, tí ó ń fẹ́ òwú tí ó já kúrò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ẹ̀yìn awọ níbi tí kò dán. Kò gé ju íńṣì kan lọ. Nígbà tí ẹni tí ó ni í ní kí ó tún dín in kù, ó fi apá náà hàn án: bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, apá ń tín-ín-rín, ihò èjìká kò sì tín-ín-rín pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó bá gé e jù yóò rí apá tí kò lè dé etí ihò rẹ̀ yíká. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni ó fi mú un pọ̀ dípò píìnì. Ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ó fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ. Nígbà tí ó sì dé ibi tí awọ ti nípọn, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ó fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ, ìrán kan lẹ́yìn òmíràn, sínú ihò àtijọ́ níbikíbi tí ó bá ti bọ́ sí i.

Ọ̀dọ́ náà bá a ná owó o. Ó ní owó iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí òun fi ra ẹ̀wù. Kò sì parọ́, ṣùgbọ́n owó òkìrìkà kì í ṣe owó awọ, owó orí ire ni.

Ohun tí ọkùnrin yẹn fi kọ́ mi ni pé èjìká ni kí a kọ́kọ́ wò, kí á tó wo àwọ̀, kí á tó wo síìpù, kí á tó gbọ́ ohun tí olówò ń wí. Ojú ìrán tí ó so apá mọ́ ara gbọ́dọ̀ dúró síbi tí eegun èjìká parí sí. Bí ó bá kọjá ìka kan, a lè fara mọ́ ọn, bí ó bá kọjá ìka méjì, ẹ̀wù ti gbé ènìyàn mì. Èjìká kò ṣeé tún ṣe fún owó tí ó mọ́gbọ́n dání, nítorí ẹni tí yóò tún un ṣe yóò tú apá méjèèjì, yóò tú ọrùn, yóò sì gé ẹ̀yìn ní tuntun. Lẹ́yìn èjìká, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: bí ihò apá bá wà lókè dáadáa ní ìsúnmọ́ abíyá, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù kò ní í fò tẹ̀ lé ọwọ́, bí ihò bá sì rọ̀ wálẹ̀, ikùn yóò yọ síta. Ó yani lẹ́nu pé ihò tí ó fún ni ó ń fúnni láyè. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó, kí ẹ na ọwọ́ bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Apá tí ó dé eegun ọrùn ọwọ́ ní ìdúró lónìí kò ní í dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nítorí ìgúnpá yóò ká, ìká náà yóò sì fa apá sókè. Nítorí náà, kí ó gùn díẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Ní ti ìbú, awọ gidi a máa gbà fún ara ní àyà àti ní ẹ̀yìn, èyí tí ó há díẹ̀ ni kí á mú; gígùn ni kì í gbà.

Fún obìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí awọ kò ṣeé ká wọ́ bí aṣọ láti fi àyè sílẹ̀ fún ọmú. Àyàfi kí agéṣọ gé iwájú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó sì tún wọn rán pọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí obìnrin gbé wọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, bí ó ti wù kí télọ̀ ó gbọ́n tó.

Ó dùn mọ́ mi láti rí i pé àwọn ará Ìpínlẹ̀ Rivers fúnra wọn, tí wọ́n ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ òyìnbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò gba ẹ̀wù tí ń fúnni lọ́rùn láàyè nínú ẹ̀yẹ tiwọn. Etibo tí àwọn ọ̀dọ́ Kalabari tí ó ti ń dénú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ń wọ̀, woko tí àwọn tí ó jù wọ́n lọ ń wọ̀, doni tí ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ìjòyè, èjìká ni gbogbo wọn ti ń rọ̀ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ wọn kọjá. Aṣọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, wọn kì í wọ̀ ọ́ bí ó ti dé. Àwọn obìnrin wọn a jókòó tì í, wọn a fi abẹ gé òwú kan, wọn a fi òmíràn sílẹ̀, títí ọ̀nà tuntun yóò fi yọ lára rẹ̀, òun ni pelete bite. Ẹni tí ó lè fi irú sùúrù yẹn tọ́jú aṣọ ẹlòmíràn kí ó tó wọ̀ ọ́, ó yé e pé ohun tí a rà kò tíì di tiwa.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó, tí ó sì ní sùúrù, sàn kí ó gbé ara rẹ̀ fún ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà Aba kò jìn, ọjà Ariaria sì kún fún àwọn tí ń fi awọ ṣe bàtà àti báàgì. Ní Èkó, Mushin ni àwọn oníbàtà ti ń ra awọ tí ó ti Kano wá. Ṣùgbọ́n dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ sì kọjá dàńdógó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a rán an fún òun kí ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó pé, owó ni ó fẹ́ dáná sun. Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í fi àlùmọ́gàjí kan awọ kí ó tó kọ́kọ́ fi tẹ́rù olówó pọ́ọ́kú rán odidi ẹ̀wù náà, kí onítọ̀hún wọ̀ ọ́, kí ó jókòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí a sì ṣe gbogbo àtúnṣe lára tẹ́rù níbi tí ihò abẹ́rẹ́ kò ti já mọ́ nǹkan. Bí aránṣọ bá ní kò pọn dandan, ẹ bọ́ téèpù rẹ̀ kúrò lọ́rùn yín, ẹ máa lọ.

Èyí tí ó ń ba ọ̀pọ̀ lọ́kàn jẹ́ ní Port Harcourt ni awọ ayédèrú, èyí tí wọ́n fi ike kùn lórí aṣọ. Ó dán, ó rọ̀, owó rẹ̀ kéré, ó sì lè ṣe rẹ́gí lára ní ọjọ́ àkọ́kọ́; ṣùgbọ́n kì í fà láti bá ara mu, ọ̀rinrin àti ooru a sì máa jẹ ike náà láti inú, tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ọrùn àti ní ìgúnpá, èépá dúdú yóò sì máa kù sí ara àga ọkọ̀. Kì í ṣe pé ẹni tí ó ni í kò tọ́jú rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ wà nínú àpótí, yóò bó náà ni, ní Port Harcourt ju ní Jos lọ. Awọ gidi ní àrùn tirẹ̀: bí a bá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní oṣù keje, yóò bu, funfun yóò bò ó. Bí òjò bá pa á, tí a gbé e kọ́ sórí irin tínrín, èjìká tí a fi owó tún ṣe yóò yọ ìwo; bí a bá sì sá a sí oòrùn, yóò súnkì, yóò sì le gan-an. Ibòji ni kí á sá a sí, lórí ìkọ́ṣọ tí ó fẹ̀. Láti ìparí 2016 sì ni ẹ̀fín dúdú àwọn tí ń fọ epo ní kọ̀rọ̀ ti ń rọ̀ sórí ìlú náà, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ funfun tí a fi nu jákẹ́ẹ̀tì dúdú ní òwúrọ̀, dúdú ni yóò dà.

Ní ti àwọn onífísà tí mo mẹ́nu bà, wọ́n ń ṣe ohun kan tí kò dára, wọ́n ń dán jákẹ́ẹ̀tì wò lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wù tí ó há mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ní Mile 1 kò ní í gba súẹ́tà ní oṣù kìíní ní Leeds, owó tí wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ láti tú apá jákẹ́ẹ̀tì kan kí wọ́n tún un rán, ó lè ra òkìrìkà mẹ́ta ní Diobu. Ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn a gbé súẹ́tà rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ oníbáàgì, a wọ̀ ọ́ sí abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì nínú ooru oṣù kẹta, kí òógùn máa dà á, kí àwọn tí ń kọjá sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Bí ìrán èjìká bá ṣì wà lórí eegun pẹ̀lú súẹ́tà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé owó tí yóò san kù sí ti láínín nìkan.